Ọ̀gá Kù-Díẹ̀ àti Nọ́ńbà Kìíní

Ilẹ̀kùn kì í bínú sí ènìyàn. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kọ́kọ́ fi èyí sọ́kàn, torí pé ọ̀gá tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó gbà pé ilẹ̀kùn mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́, àti pé ó yẹ kó máa wárí fún un. Ibi tí ìgbàgbọ́ yẹn gbé e dé ni ẹ ó gbọ́ báyìí. Bí ẹ bá ń mu tíì lọ́wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ ná, kí ẹ̀rín má baà da á sí yín lára.

Ọ̀gá àgbà ni ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń gba ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ikú. Iṣẹ́ náà kò le. Ẹni tí wọ́n bí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó kú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ra wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ sì bá wọn ṣàdúrà pé kó yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá yìí bá ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ó rò pé òun ló ń bí gbogbo ọmọ ìlú, àti pé ikú fúnra rẹ̀ kì í jáde láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti ń ro àwọn òṣìṣẹ́, tí àwọn ará ìlú ti ń kan gíláàsì níta, á gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Ọ̀rọ̀ mi kù díẹ̀." Ìgbà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Kù-Díẹ̀ lẹ́yìn. Lójú rẹ̀, "Bàbá wa" ni wọ́n ń pè é, Akọ̀wé rẹ̀ á sì fi "Afúnnilẹ́mìí" kún un.

Nǹkan kan ń bẹ tó wu Kù-Díẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Wọ́n fẹ́ yan ẹni tí yóò ṣe olórí gbogbo ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ pátápátá, Kọmíṣọ́nnà fúnra rẹ̀ ló sì ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ kó tó yan ẹni náà. Kù-Díẹ̀ ti ra bàtà tuntun sílẹ̀ de ipò yìí. Ó ti fi ohùn olórí kọ́ra nílé, ohùn kan báyìí tó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn wá. Bó bá fi ohùn náà kí ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí kì í gbójú kúrò lára ẹ̀rọ, obìnrin náà á dáhùn pé, "Ẹ káàbọ̀, Dádì. Ẹ bá mi gbé ìdọ̀tí yẹn síta kẹ́ ẹ tó jókòó."

Káàdì ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn ní ọ́fíìsì náà, àti wíwọlé àti jíjáde. Bí òṣìṣẹ́, tàbí àlejò tí wọ́n yá ní káàdì, bá fi í kan ara ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á bi kọ̀ǹpútà kékeré kan léèrè pé, "Ṣé kí n jẹ́ kó kọjá?" Kọ̀ǹpútà á ní, "Jẹ́ kó kọjá." Ilẹ̀kùn á dún kà, á sì ṣí. Kọ̀ǹpútà tí mo ń wí yìí kò tóbi ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ. Pátákó pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ni, tí wọ́n ki wáyà bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí iná bíńtín kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ẹ̀ńjíníà, tó máa ń pè é ní Ọṣẹ, ló gbé e sórí pẹpẹ lókè ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Obìnrin ni Ẹ̀ńjíníà yìí. Ó mọṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọṣẹ́. Bí ẹ bá gbàgbé, á rán yín létí.

Lọ́jọ́ kan Kù-Díẹ̀ wá bi í pé níbo ni ọpọlọ ilẹ̀kùn wà, kí òun lè fi han Kọmíṣọ́nnà. Ẹ̀ńjíníà nawọ́ sókè. Ọ̀gá wò ó, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé èyí ló ń sọ bóyá kí èmi wọlé tàbí kí n má wọlé?"

"Òun ni, sà. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tò ó, mo fi..."

"Akọ̀wé!" Akọ̀wé ti dé kó tó pè é tán. "Ǹjẹ́ o rí ìtìjú tó wà nílẹ̀ yìí? Ọ́fíìsì tó tó báyìí, ọ̀gá tó tó báyìí, ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún un kò tó ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan! Bí Kọmíṣọ́nnà bá rí èyí, kí ló máa rò nípa bí mo ṣe tóbi tó?"

"Háà, sà," ni Akọ̀wé wí, "ọgbọ́n yín tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù."

Bí wọ́n ṣe pe káfíńtà nìyẹn. Ó kan kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ga dé àjà, pákó dídán, ilẹ̀kùn gíláàsì, ẹsẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀ kìnnìún. Wọ́n tẹ́ rọ́ọ̀gì sínú rẹ̀. Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bóyá yóò rẹ kọ̀ǹpútà náà nígbà mìíràn, èmi ò mọ̀. Wọ́n wá gbé kọ̀ǹpútà sáàárín gbogbo rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí i mọ́. Ó di dandan kí wọ́n so gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá mọ́ iwájú kọ́bọ́ọ̀dù, kí àlejò lè mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Kù-Díẹ̀ gé ríbọ́ọ̀nù. Ó sọ̀rọ̀ títí tíì fi tutù, tí wọ́n tún un sè, tó tún tutù. Ó ní iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ kò ní rí bákan náà mọ́ láéláé. Òótọ́ ló sọ níbẹ̀ o.

Lẹ́yìn ayẹyẹ yẹn ni Ìyá Sítọ́ọ̀ dé pẹ̀lú agolo ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì. Ìyá àgbà tó ń tọ́jú ilé ẹrù ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti kọ nọ́ńbà sí ara gbogbo nǹkan tó bá jẹ́ ti ọ́fíìsì. Bó ṣe ń kọ nọ́ńbà sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni Kù-Díẹ̀ bojú wẹ̀yìn àga tirẹ̀, ó sì rí i pé nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ jìnnà gan-an. Ó rìn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yí bẹ́ńṣì àwọn agbálẹ̀ dojúdé. Nọ́ńbà bẹ́ńṣì ṣáájú tirẹ̀.

"Ìyá Sítọ́ọ̀, kí lèyí?"

"Bí nǹkan bá ṣe dé ni mo ṣe ń fún un, sà. Bẹ́ńṣì ti wà ńlẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún. Ní ìyókù ọjọ́ náà, kò lè jókòó sórí àga rẹ̀ kó má rántí bẹ́ńṣì. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ó ránṣẹ́ pe Ẹ̀ńjíníà, ó fi ohùn olórí bi í bóyá kọ̀ǹpútà náà máa ń ní nọ́ńbà.

"Gbogbo ohun tó bá wà lórí nẹ́tíwọ̀kì ló ní nọ́ńbà, sà," ni Ẹ̀ńjíníà wí, inú rẹ̀ dùn pé wọ́n bi òun ní nǹkan tí òun mọ̀. "Bíi nọ́ńbà ojúlé ni. Òun ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ tí a rán má ṣìlé."

"Nọ́ńbà kelòó ni tèmi?"

Ẹ̀ńjíníà wò ó. "Ìkẹtàdínlógójì, sà."

"Ta ni ìkíní?"

Ẹ̀ńjíníà wo ilẹ̀. "Ọṣẹ... ẹ jọ̀ọ́, sà, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn ni."

Akọ̀wé fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

"Èyí tí mo kọ́lé fún?" ni Kù-Díẹ̀ wí wúyẹ́wúyẹ́. "Tí mo gbé àga fún?"

"Sà, torí pé òun ni gbogbo ilẹ̀kùn ń bi léèrè ni. A ti sọ fún gbogbo wọn pé ojúlé kìíní ni kí wọ́n máa lọ."

"Ó dáa. Bí èmi bá wá di ìkíní, èmi ni gbogbo wọn máa máa bi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àmọ́..."

Ẹ dúró níbi "àmọ́" yẹn, ẹ̀yin òǹkàwé mi, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Ẹ̀ńjíníà mọ̀ dáadáa pé ẹ̀rọ méjì kì í jẹ́ nọ́ńbà kan. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ṣe é, nǹkan á bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìsinmi tó kọ wà lórí tábìlì ọ̀gá níbẹ̀, wọn ò tíì fọwọ́ sí i, àbúrò rẹ̀ sì ti bímọ lọ́nà jíjìn, ó ń retí rẹ̀. Ó wo ìwé. Ó wo ọ̀gá. Ó gbé "àmọ́" mì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló wí. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọ̀gá, ó yọ ìkẹtàdínlógójì kúrò, ó fi ìkíní síbẹ̀. Kù-Díẹ̀ fọwọ́ síwèé rẹ̀ ràgàjì. Ẹ má bú u jù o. Ìgbà mélòó lẹ̀yin náà ti gbé "àmọ́" mì níwájú ọ̀gá yín?

Kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé ìkéde ti wà lára ògiri: nọ́ńbà kìíní ti wà nínú kọ̀ǹpútà ọ̀gá àgbà báyìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ mí sí i. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán.

Àwọn ilẹ̀kùn kò ka ìwé ìkéde. Wọ́n ṣáà ń pe nọ́ńbà kìíní bí wọ́n ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ilé tí wọ́n ti pe "Bàbá!" tí èèyàn méjì jọ dáhùn. Nígbà mìíràn kọ̀ǹpútà kékeré ló ń gbọ́, ilẹ̀kùn á sì ṣí. Nígbà mìíràn, ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà Kù-Díẹ̀ ni ìbéèrè ń já sí, èyíinì kò sì mọ ohun tí ń jẹ́ ilẹ̀kùn. Á gba ìbéèrè, á jókòó lé e, kò ní dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ pé ó jọ olówó rẹ̀.

Tọkọtaya kan wá ṣègbéyàwó. Ọkọ kọjá, ilẹ̀kùn gbá mọ́ ìyàwó lójú. Wọ́n pè, wọ́n gbọn káàdì, wọ́n bẹ ilẹ̀kùn, ó kọ̀ jálẹ̀. Àwọn ẹbí ní ọjọ́ ti ń lọ. Ni akọ̀wé ìgbéyàwó bá ń pariwo láti inú pé, "Ṣé o gbà láti fẹ́ ẹ?" Ìyàwó ń pariwo láti ìta pé, "Kí lẹ wí?" Ìyá ìyàwó ní, "Ẹ máa kọ ọ́ pé ó gbà!" Ọkùnrin mìíràn wá gba ìwé ikú bàbá rẹ̀, ó há sí yàrá ìwé títí oúnjẹ ọ̀sán fi kọjá. Nígbà tó jáde, ó ní òun ti rò pé tòun ni wọ́n máa kọ tẹ̀ lé e.

Kù-Díẹ̀ kò bẹ̀rù. Ó pe ìgbìmọ̀, ó ní ìwádìí òun fi hàn pé ìgbéraga ló ń dààmú kọ̀ǹpútà kékeré: wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ń bínú. Ó kọ kúẹ́rì sí i. Ẹ kò ṣì mí gbọ́. Ó kọ kúẹ́rì sí kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó kà á sókè:

"Ìwọ Kọ̀ǹpútà Kékeré, a ti ṣàkíyèsí ìwà àfojúdi rẹ sí aláṣẹ. Kọ èsì, kí o sì ṣàlàyé ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ bá ọ wí gidigidi."

Wọ́n dúró de èsì. Iná bíńtín ń ṣẹ́jú.

"Ẹ rí i?" ni Kù-Díẹ̀ wí. "Ó ń ṣẹ́jú sí mi."

Wọ́n gba àga onítìmùtìmù lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà náà gẹ́gẹ́ bí ìyà. Nígbà tí ilẹ̀kùn kò yí padà, ọ̀gá pàṣẹ pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa kí ilẹ̀kùn kí wọ́n tó fi káàdì kàn án. Ẹ bá mi wo àgbàlagbà tó gbé fáìlì dání, tó ń tẹ̀ríba fún ilẹ̀kùn pé, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé Kù-Díẹ̀ lọ ṣèpàdé lẹ́yìn ìlú, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú báàgì lọ. Ọjọ́ yẹn, kà, kà, kà, ilẹ̀kùn ń ṣí bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ dùn. Ọ̀gá padà dé, ilẹ̀kùn tún kọ̀ kò ṣí. Ó tún rin ìrìn àjò, ilẹ̀kùn tún ṣí. Kò sí òmùgọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ yẹn tí kò rí i, kò sì sí akíkanjú kan tó lè sọ ọ́. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n wá òkúta, wọ́n ń gbé e sẹ́nu ilẹ̀kùn kó má baà padé. Níbi àdúrà àárọ̀ náà, wọ́n ń gbàdúrà kíkan kíkan pé kí Ọlọ́run máa fún ọ̀gá àwọn ní ìrìn àjò. Kù-Díẹ̀ gbọ́ ọ, ó yọ áńkáṣíìfù. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí fẹ́ràn òun ju bí òun ṣe rò lọ.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ìdọ̀tí wà níbẹ̀ yẹn o."

Àárọ̀ ọjọ́ tí Kọmíṣọ́nnà ń bọ̀ ni Ẹ̀ńjíníà ti ìsinmi dé. Ó bá òkúta lẹ́nu gbogbo ilẹ̀kùn. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló gbà lọ tààrà.

"Ẹ kó gbogbo òkúta yìí dànù!" ni Kù-Díẹ̀ ń pariwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàtà tuntun ń ké lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ṣé òkúta ni Kọmíṣọ́nnà máa bá níbí?"

"Sà," ni Ẹ̀ńjíníà wí, "ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn, mo fẹ́..."

"Lẹ́yìn ìyànsípò mi," ni ọ̀gá wí, ó sì kọjá.

Wọ́n kó òkúta. Kù-Díẹ̀ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀ lọ, èyí tó wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀, tó ní kí wọ́n fi títì oníkáàdì sí kí ìdí mìíràn má baà kan ibẹ̀. Ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀ dánra wò níwájú dígí. Iná tó wà níbẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ń kú bí èèyàn bá dúró jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó ju ọwọ́, ó wú àyà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí olórí. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fi káàdì kan ilẹ̀kùn. Kò ṣí. Ó tún fi kàn án. Ó fi ohùn olórí bá a sọ̀rọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rántí pé kò sẹ́ni níbẹ̀, ó wá ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ilẹ̀kùn kò dá a lóhùn.

Nígbà yẹn kan náà, Kọmíṣọ́nnà dé. Ìyá kúkúrú kan ni, tí kì í fẹ́ àsọdùn. Ẹnu ọ̀nà ńlá ní ilẹ̀kùn gíláàsì méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Ìkíní ṣí fún un dáadáa. Ìkejì kọ̀. Nígbà tó yíjú padà, ìkíní náà ti padé. Ó wà láàárín méjèèjì nínú oòrùn, àwọn òṣìṣẹ́ sì tò sínú, wọ́n ń kọrin ìkíni káàbọ̀ fún un láti ẹ̀yìn gíláàsì, torí pé kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má kọ ọ́.

Akọ̀wé sáré wá ọ̀gá. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ọ̀gá ṣí lẹ́ẹ̀kan, Akọ̀wé yára bọ́ bàtà rẹ̀, ó ki í sẹ́nu ilẹ̀kùn kó má baà padé. Ẹ̀ńjíníà tẹ̀ lé e. Wọ́n gbọ́ tí nǹkan ń gbá ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

"Sà! Ẹ ò ṣe jáde? Kọmíṣọ́nnà ti dé!"

"Ẹ sọ fún wọn pé mo ń bọ̀. Ó kù díẹ̀. Ẹ̀ńjíníà dà? Ẹ̀ńjíníà, ṣílẹ̀kùn!"

"Sà," ni Ẹ̀ńjíníà fẹnu kan ilẹ̀kùn, "nọ́ńbà kìíní tí mo fún yín ló ń fa gbogbo eléyìí. Ẹ jẹ́ kí n yọ yín kúrò níbẹ̀."

"Kí n wá máa jẹ́ kelòó?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jáde ná, sà."

"Rárá. Ká sọ ọ́ ká tó ṣe é. Ṣé ìkejì ṣófo?"

"Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló wà níbẹ̀, sà."

"Ìkẹta ńkọ́?"

"Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà."

"Ìkẹrin?"

Ẹ̀ńjíníà wo Akọ̀wé. Akọ̀wé wo àjà. "Kẹ́tùlù ni, sà. Èyí tuntun yẹn, tẹ́ ẹ ní ó gbọdọ̀ máa gbọ́rọ̀ yín láti orí fóònù."

"Kẹ́tùlù? Kí èmi, ẹni tó ń bọ̀ wá ṣolórí gbogbo ìforúkọsílẹ̀, máa tẹ̀ lé kẹ́tùlù lẹ́yìn?" Nǹkan gbá ògiri nínú lọ́hùn-ún.

"Sà, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo ń juwọ́."

"Sí ta, sà?"

"Sí iná! Tí mo bá dákẹ́, ó ń kú!"

Kí ọ̀rọ̀ kẹ́tùlù tó bẹ̀rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kékeré ti gbọ́ ìbéèrè kan ní ìsàlẹ̀, tí gíláàsì kejì sì ṣí. Kọmíṣọ́nnà wọlé pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́, èyí tó ti fi ń kan gíláàsì. Kò dá orin lóhùn. Ibi tí ariwo ti ń wá ló gbà lọ, ó tẹ bàtà Akọ̀wé kọjá, ó dúró sẹ́yìn wọn. Akọ̀wé fẹ́ kígbe, Kọmíṣọ́nnà na ìka sí i pé kó dákẹ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́tùlù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó tó o, ó sọ̀rọ̀.

"Ta ló wà nínú ibẹ̀?"

Kù-Díẹ̀ rò pé agbálẹ̀ kan ni. "Nọ́ńbà kìíní ni! Ìwọ ta ni?"

"Èmi ni Kọmíṣọ́nnà."

Kù-Díẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Iná kú.

Láti inú òkùnkùn, ohùn kékeré kan jáde, kì í ṣe ohùn olórí rárá. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ọ̀rọ̀ ìkíni mi... kò pọ̀."

Kọmíṣọ́nnà yíjú sí Ẹ̀ńjíníà. "Kí ló ń ṣe ilẹ̀kùn yín?"

Ẹ̀ńjíníà sọ ọ́, ó rọra sọ ọ́, kò sì fi ara rẹ̀ pamọ́: nọ́ńbà kan, ẹ̀rọ méjì, òun lòun fi síbẹ̀.

"Bẹ́ ẹ bá pa kọ̀ǹpútà orí tábìlì yẹn, ilẹ̀kùn á ṣí?"

"Gbogbo wọn, mà."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ dúró ń wò ó?"

Akọ̀wé nawọ́ sí ìwé ìkéde lára ògiri. Kọmíṣọ́nnà kà á, ó dé ibi mímí, ó tún un kà. "Ó dáa," ló wí. "Òfin ni òfin. Kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Nínú òkùnkùn, Kù-Díẹ̀ gbé ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Àánú ṣe mí díẹ̀ níbí, mi ò ní purọ́. Bó bá sọ ọ́, gbogbo ayé á mọ̀ pé òun lòun ti ń há ilé iṣẹ́ mọ́, ipò olórí á sì fò lọ pẹ̀lú ohùn, pẹ̀lú bàtà. Bí kò bá sọ ọ́, ibi tó wà náà nìyí. Ó rò ó dáadáa. Ó tiẹ̀ rò ó pé omi wà níbẹ̀, ibẹ̀ á sì mọ́ òun lára. Ó wá rántí pé ìyàwó rẹ̀ á ní kí wọ́n bá òun sọ fún un láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé ìdọ̀tí ti kún.

"Ẹ yọ mí kúrò ní ìkíní," ló wí.

"A ò gbọ́," ni Kọmíṣọ́nnà wí.

"Ẹ yọ mí kúrò ní nọ́ńbà kìíní! Ẹ pa á! Kẹ́tùlù ṣàgbà mi, mo gbà!"

Ẹ̀ńjíníà pa kọ̀ǹpútà. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kà, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kà, kà, kà, gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà ṣí, àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kò ráyè yí ara padà. Ó já síta, ó na gbalaja sílẹ̀ níwájú Kọmíṣọ́nnà.

Akọ̀wé, ẹni tí àṣà ti wọ̀ lẹ́wù, bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀ bàbá wa!"

Òun nìkan ló pàtẹ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ti kún ẹnu ọ̀nà. Kọmíṣọ́nnà wọ bàtà rẹ̀ padà, ó wò wọ́n.

"Bí ọ̀gá yín ò bá sí níbí, báwo niṣẹ́ ṣe máa ń rí?"

Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, "Ó máa ń dùn, mà." Ni gbogbo wọn bá gbè é lẹ́nu pé ó máa ń dùn, ó ń dùn gan-an, mà, wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti gbé omi sẹ́nu tipẹ́.

Kọmíṣọ́nnà kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó bi Ẹ̀ńjíníà bóyá ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan máa bàjẹ́, Ẹ̀ńjíníà ní òun mọ̀, mà, Kọmíṣọ́nnà ní kó gbàgbé ìsinmi ọdún tó ń bọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kékeré padà sórí pẹpẹ rẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì mìíràn ni wọ́n fi ṣolórí gbogbo ìforúkọsílẹ̀. Kù-Díẹ̀ ní tirẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa mójú tó ohun tí a kò lò mọ́, ní ilé ẹrù tó wà lẹ́yìnkùlé.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó yọ káàdì, ó ń wá ibi tí yóò fi kàn.

"Ọwọ́ lẹ ó fi ṣí i, sà," ni Ìyá Sítọ́ọ̀ wí láti inú.

Ó fọwọ́ ṣí i. Ohun àkọ́kọ́ tó rí nínú ilé náà ni kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹsẹ̀ kìnnìún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, rọ́ọ̀gì nínú rẹ̀, òfìfo. Wọ́n ti gbé àga onítìmùtìmù náà wá. Ó jókòó lé e lórí. Ìyá Sítọ́ọ̀ gbé agolo ọ̀dà rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ní nọ́ńbà ilé ẹrù ni òun ń tún kọ, àga yẹn kò tíì ní.

Kù-Díẹ̀ wo ọ̀dà funfun náà. Nǹkan kan gbéra nínú rẹ̀.

"Ìyá Sítọ́ọ̀, nọ́ńbà kìíní níbí, ta ló ń jẹ́ ẹ?"

"Ìgbálẹ̀ yẹn ni, sà. Òun ló kọ́kọ́ dé."

Ó wo ìgbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ fara ti ògiri. Ó wú àyà, ó gbé ọwọ́ sókè, ó la ẹnu. Ìyá Sítọ́ọ̀ dúró, ó ń retí ọ̀rọ̀. Ọwọ́ náà pẹ́ lókè kó tó sọ̀ kalẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án," ló wí. "Jẹ́ kó máa jẹ́ ìkíní rẹ̀ lọ."

"Ó dáa, sà. Ẹ dìde díẹ̀ kí n kọ ti àga."

Ó dìde.